Òrùka Mẹ́ta, Ẹfọ̀n Kan

"Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, èwo ni kí n mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Níbo ni o ń lọ?"

"Ṣé ibi tí mò ń lọ ni yóò sọ bí ihò yóò ti fẹ̀ tó?"

"Ṣé kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń lọ ló ń sọ irú bàtà tí yóò wọ̀?"

"Ta ni kò mọ̀ pé ìsun Omírìn ni mò ń lọ?"

"Nígbà tí o ti mọ ibi tí o ń lọ, kí ni o tún ń bi mí sí?"

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ lu àwọn òrùka náà ni?"

"Ẹni tó mọ ìkòkò, ṣé òun náà ni yóò sọ ọbẹ̀ tí wọn yóò sè nínú rẹ̀?"

"Ó dára. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń lọ pàdé ẹfọ̀n yẹn, èwo lẹ̀ bá mú?"

Báyìí ni èmi Ọdẹ́jìmí, ọdẹ Ìdí-Apá, àti Bàbá Ògúnṣakin alágbẹ̀dẹ ṣe ń da ìbéèrè lu ara wa ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo gbéra. Ìbéèrè tí mo bi í gbẹ̀yìn kò ní èsì. Ó fa ẹwìrì, iná ràn, ó sì ń wo iná náà bí ẹni pé iná ni mo bi léèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, kí n tó mú yín wọ igbó, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí à ń jiyàn lé lórí hàn yín, nítorí ẹni tí kò mọ ìdí ẹjọ́ kì í gbádùn àwíjàre. Ìbọn mi kì í ṣe ṣakabùlà tí ń fọ́n ọta káàkiri bí ẹni fọ́n àgbàdo fún adìẹ. Ìbọn ọlọ́ta kan ni. Bàbá mi ló mú un bọ̀ láti ogun òkè òkun, ibi tí o bá sì kọ ojú rẹ̀ sí gan-an ni ọta rẹ̀ ń lọ. Ṣóńṣó irin kan dúró lórí ẹnu ìbọn náà. Lẹ́yìn, nítòsí ojú ọdẹ, òrùka irin kékeré kan wà tí a fi sùkúrù dè mọ́ ọn. Inú ihò òrùka yìí ni ọdẹ yóò gbà wo ṣóńṣó iwájú, yóò gbé ṣóńṣó náà lé ẹran lára, yóò sì yìnbọn. A lè yọ òrùka kan kí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Hóró ni Bàbá Ògúnṣakin fi ń wọn ihò wọn: bí ó bá ti lu ihò tán, yóò ti hóró bọ̀ ọ́, bí hóró bá kọjá láìhá, tí kò sì ṣeré nínú rẹ̀, ihò pé. Mẹ́ta ló lù fún mi: ọ̀kan ń gba hóró yànmọ̀tí, èkejì ń gba hóró ọkà bàbà, ẹ̀kẹta ń gba hóró ẹ̀wà.

Láàárín àwa ọdẹ Ìdí-Apá, ihò yànmọ̀tí ni ihò àgbà. Ẹni tó bá ń gba inú rẹ̀ pa ẹran ni í jókòó lórí awọ ẹkùn nígbà ìpàdé. Ọlọ́kà bàbà a jókòó lórí ẹní. Ẹlẹ́wà, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni tirẹ̀, wọn a sì máa bi í bóyá kí àwọn bu epo àti iyọ̀ sí i. Bàbá mi jókòó lórí awọ ẹkùn títí ó fi kú. Èmi náà, ẹ kò ní í bá mi lórí ẹní. Mo ti gba inú ihò yànmọ̀tí ta àṣá lójú ọ̀run, mo ta á ní ìyẹ́ kan ṣoṣo, nítorí pé ìyẹ́ ni mo fẹ́, n kò fẹ́ ẹran rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyẹ́ náà wà nílé.

Òfin kan tún wà láàárín wa: ẹni tó bá yan ihò ló ni àṣìta. Bí mo bá yan òrùka fúnra mi tí ọta sì lọ lófo, èmi ni mo fà á. Bí ẹlòmíràn bá yàn án fún mi tí ẹran sì pa mí, òun ni yóò máa bọ́ àwọn ará ilé mi. Nítorí òfin yìí ni mo ṣe rò pé Bàbá Ògúnṣakin ń sá fún ẹnu mi. Ẹ gbé èrò mi yìí sápò; a ó tún mú un jáde.

Ẹfọ̀n tí mo ń lọ pàdé, àgbà ẹfọ̀n ni. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ló dé sí ìsun Omírìn, ìsun yìí nìkan sì ni omi tó kù fún ìlú wa. Ó fi ìwo gbé àwọn ọkùnrin tó kọ́kọ́ lọ lé e, ó tẹ agbè àwọn obìnrin fọ́ wẹ́wẹ́, a sì sọ ọ́ ní Adènà-omi. Baálẹ̀ pàṣẹ pé bí ọjà tó ń bọ̀ bá kọjá tí ẹfọ̀n náà kò kúrò, kí gbogbo ìlú kó lọ sí ẹ̀bá odò tó jìnnà. Àwọn ènìyàn ti ń di ẹrù. Ìyá mi, Àwẹ̀ró, kò di nǹkan kan.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bá yín di ẹní yìí."

"Kí o dì í fún ta ni? Abẹ́ ilẹ̀ yàrá yìí ni bàbá rẹ wà. Ṣé o fẹ́ di òun náà mọ́ ẹrù ni?"

"Bí ìlú bá kó lọ, ta ni yóò fún yín lómi?"

"Èyí tí mo ti mu láti kékeré ti tó mi. Jìmí, èmi kò kó. Lọ pa màlúù rẹ."

"Ẹfọ̀n ni, Ìyá. Kì í ṣe màlúù."

"Ó ní ìwo, ó ń mu omi. Lọ pa á, kí o sì bu omi wá. Bí o bá bá mi láàyè, n ó mọ̀ pé ọdẹ ni mo bí. Bí o kò bá bá mi, n ó sọ fún bàbá rẹ pé ọmọ rẹ̀ ní kí n kí i."

Ìyá mi nìyẹn. Bí ó ti sọ ọ́ ni yóò ṣe é. Kò sí ẹnikẹ́ni ní Ìdí-Apá tó rí i kí ó yí ọ̀rọ̀ padà rí. Ẹ̀yin náà ti rí i báyìí pé ẹ̀mí rẹ̀ ni mo gbé sẹ́nu ìbọn. Ọta kan ṣoṣo ló sì kù sí mi lọ́wọ́, nítorí irú ọta bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń rí rà lọ́jà wa. Mo padà sọ gbogbo èyí fún Bàbá Ògúnṣakin, mo tún bi í ní ìbéèrè mi. Ó kó òrùka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Kó gbogbo wọn lọ. Ọ̀nà ni yóò gba èyí tí kò yẹ ọ́ lọ́wọ́ rẹ." Ó tún kọjú sí iná.

N kò ní fi bí mo ṣe jẹun àti bí mo ṣe rìn yọ yín lẹ́nu. Ọ̀nà tí kò ní àgbákò kò ní ìtàn. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, mo dé orí àpáta gbalasa kan. Ọkùnrin kan jókòó síbẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí pòròpórò, ara rẹ̀ ń dán bí idẹ tí a fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀, kò sì ní òjìji. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ojú rẹ̀: ó funfun kalẹ̀, dúdú tó wà láàárín rẹ̀ kò sì ju ibi tí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ gún lọ. Mo ṣe bí ọmọ tí a kọ́, mo kí i.

"Ẹ kú ọ̀sán o."

"Èmi ni ọ̀sán. Ta ló kú?"

"Ẹ má bínú. Kí ni kí n máa pè yín?"

"Ọ̀sángangan. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá lórí àpáta mi yóò kọ́kọ́ rí ohun tí mo rí. Kí ló wà lórí òkúta ọ̀hún yẹn?"

Òkúta tó ń tọ́ka sí jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gbọ̀n nínú ooru. Mo fi ojú lásán wò ó, n kò rí ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Mo de òrùka ẹ̀wà mọ́ ìbọn, mo wò. Ìtànṣán ya wọlé bí àgbàrá, ohun gbogbo ń ṣe bàìbàì. Mo de ti ọkà bàbà. Ó sàn díẹ̀. Mo wá de ti yànmọ̀tí. Ẹ̀yin ènìyàn, bí ẹni ṣí aṣọ lójú ìran ni! Ìtànṣán dákẹ́, ṣóńṣó ìbọn dúró ṣinṣin, etí òkúta náà sì mú bí etí abẹ.

"Alángbá kan ni mo rí."

"Akọ ni àbí abo?"

"Akọ ni. Orí rẹ̀ pọ́n, ó sì ń mi orí náà bí ẹni tí wọ́n ń bá wí tí kò gbà."

"Ìrù rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti gé."

"Òótọ́ ni. Èmi ni mo gé e. Ó ń yọ mí lẹ́nu. O lè kọjá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ojú jẹun nílé mi kì í lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Fún mi ní òrùka kan. Èyí tí o gbà wo alángbá ni mo fẹ́."

"Áà, ti àgbà nìyẹn. Ẹ gba ti ẹ̀wà."

"Kí n fi ṣe kí ni? Èmi tí mò ń gbé nínú oòrùn! Ihò tó fẹ̀ báyìí yóò fọ́ mi lójú. Má fi èyí tí o kò fẹ́ ta mí lọ́rẹ."

A ná an, a ná an, títí tí a fi pàdé ní àárín: ó gba òrùka ọkà bàbà, ó fi bọ ọmọńdinrín ọwọ́ rẹ̀ tó tín-ínrín bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, bí ìyàwó tuntun, ó sì ń wò ó. Mo bọ́ sílẹ̀ lórí àpáta náà pẹ̀lú ìgbéraga. Mo ní nínú ara mi pé mo ti rí èsì tí alágbẹ̀dẹ fi pamọ́: yànmọ̀tí ni. Mo tilẹ̀ fẹ́ ju ti ẹ̀wà nù sínú koríko. Ìyá mi ló gbà mí. Ó máa ń ní kí a má ju nǹkan nù kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Lẹ́yìn àpáta náà ni igbó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà ìsun Omírìn mọ irú igbó tí mò ń wí: àwọn igi kó orí wọn pọ̀ mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń kán sílẹ̀ kò ju ẹyọ owó díẹ̀ lọ. Ọ̀sán kò tíì lọ, ṣùgbọ́n abẹ́ igi ti di àṣálẹ́. Mo ń lọ jẹ́jẹ́, mo gbọ́ ohùn láàárín gbòǹgbò àràbà kan.

"Ọmọ Àwẹ̀ró, rọra. Ọmọ mi sùn."

Mo wo ibẹ̀ títí kí n tó rí i. Obìnrin àgbà kan ló jókòó sáàárín gbòǹgbò náà, atẹ́gùn kékeré kan tó gbé sẹ́sẹ̀ sì ń sùn bí ológbò. Ewé ni irun rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ga ju ìró ìjàbọ́ ewé lọ. Ojú rẹ̀ ńkọ́? Kò sí funfun kankan nínú rẹ̀. Dúdú àárín rẹ̀ ti gbòòrò títí ó fi gba gbogbo ojú, ó jinlẹ̀, ó sì ń dán bí àdín nínú igbá. Mo dọ̀bálẹ̀, nítorí ọdẹ tó bá nàró níwájú irú ojú bẹ́ẹ̀, kì í ṣe akọni, òmùgọ̀ ni.

"Ẹ kúulé, Ìyá."

"Káàbọ̀. Ìyá Abẹ́-ewé ni wọ́n ń pè mí. O ń wá Adènà-omi, àbí? Ìdí igi yìí ló ń gbà kọjá ní ìrọ̀lẹ́. Imú rẹ̀ mú ju ojú rẹ̀ lọ. Yóò gbóòórùn rẹ kí o tó rí i."

"Kí ni mo lè ṣe sí i?"

"Ìwọ kọ́, èmi ni. Èmi ni mo ni atẹ́gùn abẹ́ igi. Mo lè ká a mọ́ ọwọ́ títí wàá fi ṣetán. Ṣùgbọ́n fún mi ní òrùka kan."

"Ẹ gba èyí." Mo ti na òrùka ẹ̀wà sí i.

Kò gbà á. Ó ń wò mí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ìyá tó rí ọmọ tó wọ bàtà òdì. "Kí o tó fún mi, gbé ìbọn rẹ sójú. Sọ ohun tí o rí fún mi."

Mo gbé ìbọn sójú, pẹ̀lú òrùka yànmọ̀tí lórí rẹ̀. Òkùnkùn ni mo rí. Mo yí sọ́tùn-ún, òkùnkùn. Mo yí sósì, àmì funfun kékeré kan bí ìràwọ̀ tó fẹ́ kú. Ṣóńṣó ìbọn ti dàwátì. Ihò tó mú ìran wá bá mi lórí àpáta ti di ihò èkúté.

"Kí ni o rí?"

"Ilẹ̀ ti ṣú, Ìyá."

"Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Inú ihò tìrẹ ló ti ṣú. Ta ló ń pàṣẹ fún ojú ológbò tí ó fi di ìlà tín-ínrín nínú oòrùn, tí ó sì fẹ̀ bí owó ẹyọ ní ìrọ̀lẹ́?"

"Ara rẹ̀ ló ń ṣe é."

"Ṣé oyè ló ń jẹ nígbà tó bá tín-ínrín?"

Mo fi ìka nu ojú òrùka yànmọ̀tí náà.

"Ṣé ó ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tó bá fẹ̀?"

"Ìyá, ẹ kò mọ ilé ọdẹ wa. Wọn yóò fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ gba àádùn tó wà nínú àpò mi. Ẹ gba ọ̀bẹ mi."

"Àádùn ń há mi léyín, ọ̀bẹ yóò jí ọmọ mi. Yànmọ̀tí tàbí ẹ̀wà. Adènà-omi ti dìde níbi tó sùn sí. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ̀yin rò pé ó rọrùn. Ẹ má gbàgbé pé bàbá mi fi ihò yẹn jókòó sórí awọ ẹkùn títí ó fi re ibi àgbà ń rè. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo òrùka náà lórí ìbọn, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ mi bí ẹni pé wọ́n wà lẹ́yìn igi. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ẹní tí ìyá mi kò jẹ́ kí n dì. Mo tú sùkúrù, mo yọ òrùka yànmọ̀tí, mo fi lé Ìyá Abẹ́-ewé lọ́wọ́, mo sì de ti ẹ̀wà rọ́pò rẹ̀. Ìyá náà ti yànmọ̀tí sábẹ́ gbòǹgbò àràbà, bí ẹni tọ́jú hóró èso tí kò tíì tó gbìn.

"Ihò ẹ̀wà yìí fẹ̀ jù, Ìyá. Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé àárín rẹ̀ gan-an ni mò ń gbà wò?"

"Bí àlejò bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ṣé férémù ilẹ̀kùn ni o máa ń wò?"

"Àlejò ni mo máa ń wò."

"Ta ni ó wá ń wọn ilẹ̀kùn fún ọ? Ojú yóò wá àárín fúnra rẹ̀. Ìwọ wo ṣóńṣó, kí o gbé e lé ibi tí o fẹ́. Fi ihò sílẹ̀."

Mo ti fẹ́ dúpẹ́ nígbà tí igbó dákẹ́. Ó dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí omi ìsun ṣe ń yọ lókèèrè. Ìyá Abẹ́-ewé ká ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, ewé kankan kò sì mì mọ́. Mo kọjú sí ọ̀nà, mo dúró de ẹfọ̀n. Mo retí rẹ̀ níwájú. Ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ wà níbí, ẹ ti ń mi orí. Ẹ mọ ohun tí àgbà ẹfọ̀n máa ń ṣe. Kò gba iwájú. Ó ti rí ipasẹ̀ mi lójú ọ̀nà, ó yí po, ó sì ń bọ̀ lẹ́yìn mi, láìsáré, bí àgbàlagbà tó ń lọ sí ibi tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo gbọ́ mímí rẹ̀, mo yí padà. Ó ti dorí kodò. Kò sí àyè láti wá ohunkóhun, kò sí àyè láti ronú sí oyè. Mo gbé ìbọn sójú, ó sì yà mí lẹ́nu pé gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀: ìwo rẹ̀ méjèèjì, ẹrẹ̀ gbígbẹ iwájú orí rẹ̀, kòkòrò tó bà lé e létí. Òrùka náà ti lọ. N kò rí etí rẹ̀ mọ́. Ṣóńṣó ìbọn dúró láàárín ìran náà bí ẹni pé ọwọ́ kan ló gbé e síbẹ̀. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, láti àárín ìwo wá sí òkè ojú, mo sì yìnbọn.

Ó tún rìn lẹ́yìn tó ti kú. Òótọ́ ni mò ń sọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e títí imú rẹ̀ fi kan bàtà mi, ó wá wólẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fẹ́ sinmi, èémí rẹ̀ ìkẹyìn sì rin ṣòkòtò mi. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn láti dúpẹ́, gbòǹgbò àràbà nìkan ni mo rí. Atẹ́gùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ padà.

Mo bu omi kún agbè, n kò sì dúró kun ẹran. Àwọn ènìyàn wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí. Bí wọ́n ṣe rí agbè tí omi ń kán lára rẹ̀, wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ láìbi mí léèrè. Ìyá mi jókòó sórí ẹní rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti là. Ó gba igbá, ó mu díẹ̀, ó sì da díẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá mi.

"Omi yìí ń rùn màlúù," ni ó wí.

"Ẹfọ̀n ni, Ìyá."

"Bù sí i."

Nílé ọdẹ, bí mo ṣe wọlé ni wọ́n ti rí òrùka tó wà lórí ìbọn mi. "Ẹlẹ́wà, ẹ káàbọ̀! Ṣé kí a bu epo sí i?" Mo ní kí wọ́n bù ú, pé ẹran ẹfọ̀n wà tí a ó fi jẹ ẹ́. Mo tẹ́ awọ Adènà-omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ní àyè àwọn ẹlẹ́wà, mo sì jókòó lé e. Orí rẹ̀ ni mo ṣì ń jókòó lé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kù lọ́kàn mi. Mo mú òrùka ẹ̀wà lọ sílé alágbẹ̀dẹ, mo gbé e lé òkúta ìlurin níwájú Bàbá Ògúnṣakin.

"Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ìbéèrè mi ọjọ́sí kò tíì rí èsì."

"O kò tíì pa ẹfọ̀n rẹ ni?"

"Mo ti pa á. Kò sí àṣìta tí ẹnikẹ́ni yóò jẹ̀bi rẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin, èwo lẹ̀ bá mú?"

Ó fa ẹwìrì. Ó lu ọkọ́ kan títí ó fi tutù, ó tún tì í bọ iná. Mo jókòó. Ó lu ú lẹ́ẹ̀kejì, ó pọ́n etí rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. N kò dìde. Níkẹyìn, ó mú òrùka ẹ̀wà náà, ó gbé e sókè, ó sì gba inú rẹ̀ wo ojú ọ̀run.

"Níbo ni mo ti ń dán òrùka wò bí mo bá lù ú tán?"

"Iwájú àgbẹ̀dẹ níbí ni, Bàbá."

"Kí ló ń bẹ lórí wa níbí?"

"Oòrùn."

"O ti rí mi rí pẹ̀lú ìbọn lábẹ́ igi?"

"Rárá."

Ó fi òrùka náà lé mi lọ́wọ́, ó sì pa ìka mi dé mọ́ ọn.

"Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, òfin kọ́ ni mò ń sá fún. Mo ní èsì lẹ́nu. Ó dá mi lójú gan-an, ìdánilójú náà ló sì bà mí lẹ́rù. Yànmọ̀tí ni ǹ bá mú."